Ẹ̀wù Funfun Ojú Fèrèsé

Inú bí mi lọ́jọ́ náà débi pé orin sá lẹ́nu mi, èmi Minka tí mo máa ń kọrin bí mo bá ń bó ọ̀dùnkún, tí mo máa ń kọrin fún ewúrẹ́ bí mo bá ń fún wàrà rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ mí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Àwa arúgbó abúlé wa ní Kras, agbègbè olókùúta, la jọ háyà bọ́ọ̀sì, a ń lọ wo ihò abẹ́ ilẹ̀ àti ilé olódi tó jókòó lé e lórí. Ọ̀rẹ́ mi Zofka kò débẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, bẹ́ẹ̀ tó bá ń sá aṣọ, ilé olódi yẹn ló ń wò lọ́ọ̀ọ́kán. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé ló ń sọ èèyàn lórúkọ, ìwé ìjọba kò já mọ́ nǹkan kan. Ilé Ẹlẹ́wù ni wọ́n bí Zofka sí. Ọkọ rẹ̀ wá bá a gbé níbẹ̀, ni wọ́n bá ń pe òun náà ní Ẹlẹ́wù títí wọ́n fi sin ín.

Ohun tó fà á rèé. Láyé àtijọ́, ọba Vienna bínú sí ìjòyè tó ni ilé olódi yẹn, ó sì kó ogun dó tì í. Ìjòyè náà kò mira. Ó ní ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ nínú ihò, ibẹ̀ ni ẹja tútù ti ń wọlé fún un. Àfi lọ́jọ́ tí ìránṣẹ́ rẹ̀ kan fi ẹ̀wù funfun kọ́ ojú fèrèsé yàrá tí ọ̀gá rẹ̀ ń sùn. Àwọn ológun mọ ibi tí wọ́n á da òkúta lù, ìjòyè sì kú sórí ibùsùn. Ìránṣẹ́ yẹn ló kọ́ Ilé Ẹlẹ́wù.

Láyé òde òní, ẹni tó bá lọ wo ibẹ̀, wọ́n á fún un ní èso igi páìnì kó fi sọ̀kò lu ẹ̀wù funfun tí wọ́n gbé kọ́ ojú fèrèsé. Eré ni wọ́n pè é. Àwọn ọmọ iléèwé wa náà ti kọ́ eré yẹn, ọmọ ọmọ Zofka, Neža kékeré, ni wọ́n sì ń sọ ọ́ lù. Oje páìnì gan mọ́ irun ọmọ náà títí Zofka fi fi àlùmọ́gàjí gé e kúrò lórí rẹ̀, tòun ti ẹkún.

Pepca, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló gbé ìmọ̀ràn kalẹ̀. "Ìyàwó, lọ sọ̀kò lu ẹ̀wù yẹn fúnra rẹ. Màá yà ọ́ ní fọ́tò, màá fi han gbogbo abúlé. Bí Ẹlẹ́wù bá ti lè sọ̀kò lu ẹ̀wù, ọ̀rọ̀ tán. Wọ́n á fi ọmọ yẹn lọ́rùn sílẹ̀."

Nítorí ọmọ, Zofka gbà. Nínú bọ́ọ̀sì, kò fọwọ́ kan potica, àkàrà òyìnbó tí Pepca fi àsálà sí nínú. Mo kọrin fún un:

*Ẹyẹ orí òrùlé, má sùn mọ́,*
*Ilẹ̀ ti mọ́, ìkà ti jí.*

"Minka, gbẹ́nu dákẹ́," ló wí.

Inú ihò tutù bíi yìnyín. Òkúta rọ̀ wálẹ̀ lórí wa bí abẹ́là tó ń yọ́, omi ń kán sí wa lọ́rùn. Blaž, ọmọkùnrin tó ń mú wa kiri, mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Mo dán orin kan wò, ihò sì dá a padà fún mi bí ẹgbẹ́ akọrin.

"Ẹ̀yin màmá, ẹ jẹ́ kí àwọn àdán sùn o!" ló ké. A rẹ́rìn-ín. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn: "Ọ̀nà ẹja rèé! Àwọn ológun dó sísàlẹ̀, ìjòyè wa wà lókè, ó ń jẹ ẹja, ó ń sọ egungun rẹ̀ lù wọ́n lórí!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Zofka nìkan ló béèrè pé: "Ọmọ mi, kí ni àwọn ológun yẹn ń jẹ ní tiwọn?"

"Ohun tí wọ́n bá rí, màmá."

"Níbo ni wọ́n ti ń rí i?"

"Há! Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ, òtútù ń mú yín." Ó sì kọjá lọ.

A gun òkè jáde sí àgbàlá ilé olódi. Ẹ̀wù náà rèé lójú fèrèsé, oje ti sọ ọ́ di àkísà mẹkáníìkì. Apẹ̀rẹ̀ èso páìnì wà nílẹ̀. Àwọn èèyàn ń sọ ọ́, wọ́n ń hó yèè. Pepca ti gbé fóònù sókè.

"Ìyàwó, ó yá! Orúkọ yẹn ṣì wà lọ́rùn ẹ̀gbọ́n mi nínú sàréè. Sọ ọ́, kó bọ́!"

Blaž gbọ́. "Áà! Ṣé Ilé Ẹlẹ́wù ni màmá ti wá? Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ ọ̀dàlẹ̀ wà láàárín wa lónìí!"

Ẹ̀rín ta. Ọkùnrin kan láti abúlé kejì ju èso páìnì kan lu Zofka léjìká, ó ní eré ni. Orí mi gbóná. Mo ti ń wá ìyá tí màá bú fún un, ṣùgbọ́n Zofka ṣáájú mi.

"Àwa la gbé e kọ́!" Ó nàka sí ẹ̀wù náà. "Àwa ni! Adìẹ wa ni àwọn ológun jẹ. Màlúù wa ni wọ́n pa. Nígbà tó tán, ọkà tó yẹ ká gbìn ni wọ́n lọ̀ jẹ. Ìjòyè yín ń bẹ lókè, ó ń fi egungun ẹja ṣeré! Ìránṣẹ́ yẹn ní ìyá nísàlẹ̀. Ta nínú yín ni ìyá rẹ̀ á máa kú lọ, tí kò ní fi ẹ̀wù kọ́ fèrèsé? Èmi ì bá bọ́ síkẹ́ẹ̀tì mi kọ́ ọ pẹ̀lú!"

Èso páìnì bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, a gbọ́ bó ṣe ń yí lórí òkúta.

"Ìyàwó," Pepca wí jẹ́jẹ́, "fọ́tò ńkọ́?"

"Máa yà á. Yà á dáadáa."

Zofka gun àtẹ̀gùn inú ilé olódi lọ. A rí orí rẹ̀ lójú fèrèsé, ó já ẹ̀wù náà bọ́, ó ká a, ó tì í sínú báàgì rẹ̀. Blaž pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ohun ìní ilé olódi ni."

"Ohun ìní wa ni. Ẹ ti ń yá a lò tipẹ́, ẹ kò tiẹ̀ fọ̀ ọ́ rí."

"Ọ̀gá mi á bínú."

"Kó wá bínú nílé mi. Kò lè ṣìnà. Ilé náà lórúkọ."

Nínú bọ́ọ̀sì tá a wọ̀ padà sílé, Pepca sún mọ́ Zofka. "Ìyàwó, má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ o, á gan ni. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ló ń yọ oje. Mo ní díẹ̀ nílé."

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀wù náà wà lórí okùn, ó funfun báláú, ó kọjú sí ilé olódi. Àwọn ọmọ iléèwé dé ibi ọgbà, èso páìnì ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Neža dúró lábẹ́ ẹ̀wù, kò sá. Zofka gbé ọpọ́n àti ọ̀rá jáde, ó gbé e kalẹ̀ níwájú wọn.

"Ẹni tó bá sọ̀kò lù ú ni yóò fọ̀ ọ́."

Wọ́n wo ọ̀rá, wọ́n wo Zofka, wọ́n ju èso ọwọ́ wọn sínú koríko. Inú ṣì ń bí mi o. Ṣùgbọ́n orin ti padà sí mi lẹ́nu, mo sì kọ ọ́ sókè kí Blaž lè gbọ́ lọ́hùn-ún.