Bẹ́ẹ̀ Kọ́ Tó Wọ Táì

Mo lá àlá kan lóru àná, inú ṣì ń bí mi di ìsinsìnyí.

Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ rí ọ̀dà pupa tí kánsù fi sàmì sára ilé mi, pé títì máa gbabẹ̀ kọjá. Ẹ sì mọ̀ pé inú pálọ̀ ilé yìí la sin bàbá mi sí. Nínú àlá náà, mo gbé ilé rù lọ bẹ kánsù. Ọ́fíìsì wọn ń léfòó lókè bíi ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ gbé. Mo gun àkàbà débẹ̀. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Tíṣà Àjàlá tí mo bá lórí àga ọ̀gá ló yà mí lẹ́nu. Òun ló nà mí ní kíláàsì kẹrin tí mo fi kúrò nílé ìwé. N ò tíì dárí jì í.

Mo sọ ilé kalẹ̀. "Sà, ṣé ẹ ò ní wó o?"

"Ákíṣúálì," ó fi òyìnbó bẹ̀rẹ̀, ó ń tún táì ṣe.

Gbì! Ògiri kan wó.

"Ṣé ẹ rí ìwé ẹ̀bẹ̀ mi?"

"Ákíṣúálì, a rí i, ṣùgbọ́n…"

Gbì! Ìkejì.

Tábìlì rẹ̀ lanu, ó ní, "Baálé, ẹ yé bi í ní nǹkan. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ èsì rẹ̀ nìyẹn, ògiri á sì wó."

Mo bi í nípa owó gbà-má-bínú ilé. Ìkẹta wó. Bàbá mi bá dìde jókòó ní pálọ̀, erùpẹ̀ ń bẹ lórí fìlà rẹ̀.

"Oyèlàmí, kí ló ń wí?"

"Òyìnbó ni, Bàbá."

"Ṣé mo ní Haúsá ni? Mo ta ewúrẹ́ mi kí o lè kọ́ ọ. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Wọn ò kọ́ wa débẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. 'Bẹ́ẹ̀ kọ́' ni, tí wọ́n wọ̀ ní táì. Béèyàn bá ti gbọ́ ọ, kó máa lọ sílé."

Bàbá mi tẹjú mọ́ Tíṣà. "Àbí ewúrẹ́ mi kọ́ nìyí?"

Lójú ẹsẹ̀, Tíṣà di ewúrẹ́. Mo fi táì fà á mọ́ra. "Sọ pé ilé ò ní wó!"

Ewúrẹ́ wò mí. "Ákíṣúá…"

Mo fọwọ́ dí i lẹ́nu, torí ògiri tó kù ni bàbá mi fẹ̀yìn tì.

Bí mo ṣe jí nìyẹn. Wọ́n ń kanlẹ̀kùn. Obìnrin kan láti kánsù ni, ó mú ìwé dání. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ákíṣúálì…"

Mo tìlẹ̀kùn. Mo gbé àga sórí ibojì bàbá mi, mo jókòó. Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ yé kanlẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́. Ojú fèrèsé yìí náà ni kí ẹ ti máa gbọ́.