Ẹlẹ́rìí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ọrùn mi o. Èjìká nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu.”

Etí bẹ́ẹ̀dì ni ìyá aránṣọ náà jókòó sí, kò tíì gbà láti dùbúlẹ̀. Dókítà eegun ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni àwọn aláìsàn ń pè é, torí bó ṣe ń fi ọwọ́ lásán tẹ eegun tó yẹ̀ padà sí ipò rẹ̀.

“Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ń bá abẹ́rẹ́ ṣeré látàárọ̀, ọwọ́ mi ló wá ń bà yín lẹ́rù?”

“Abẹ́rẹ́ ò lè ṣẹ́ mi lọ́rùn, ọmọ mi.” Ó yíjú sí igun yàrá. “Àǹtí, ẹ ṣáà wà níbẹ̀?”

Àbúrò dókítà obìnrin ló jókòó síbẹ̀. “Mo wà níbí, mà.”

Ohun tí ìyá náà fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀.

Ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà eegun níwèé àṣẹ ló ní kí ẹlẹ́rìí máa wà nínú yàrá náà. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ti lọ́ aláìsàn kan lọ́rùn rí láìgbàṣẹ lọ́wọ́ onítọ̀hún. Dípò kí wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀, wọ́n ní kó wá ẹni tí yóò máa wò ó, tí yóò sì dá a dúró bó bá tún fẹ́ ṣàṣejù. Wọn ò bi í léèrè ẹni tó máa mú. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló mú, opó tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá sá sábẹ́ òrùlé dókítà, ilé tó ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn, nígbà tí àwọn ará ilé ọkọ lé e jáde.

“Iṣẹ́ ẹ ò ju kó o jókòó lọ,” ó ti sọ fún un. “Lọ́jọ́ tó o bá la ẹnu níwájú aláìsàn mi, kí ìwọ àtàwọn ọmọ ẹ yáa mọ ibi tẹ́ ẹ máa sùn.”

Ní báyìí, ọwọ́ bọ̀dá rẹ̀ wà léjìká ìyá náà, ó ń rọra tẹ̀ ẹ́. Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Àbúrò rí i. Ó la ẹnu. Bọ̀dá gbójú sókè, ó wò ó. Àbúrò pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ọrùn náà dún kàù, bí igi gbígbẹ.

“Ẹ ò rí i? Ó ti tán.”

Ìyá aránṣọ fẹ́ dìde, ó ṣubú padà. Ó ní òòyì ń kọ́ òun, ó sì bì. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí apá ẹ̀wù tí ẹnì kankan ò wọ̀.

“Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ ọsibítù!”

“Rọra sọ̀rọ̀! Ṣé o fẹ́ kí àwọn tó wà níta gbọ́ ni?”

Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn aláìsàn tó kù ti lọ tán ni wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀.

Níwájú ìgbìmọ̀, àbúrò dìde láti jẹ́rìí. Ọ̀tọ̀ lohun tí bọ̀dá rẹ̀ kọ́ ọ láti sọ. Àmọ́ ó rí ọmọbìnrin ìyá aránṣọ tó ń nu itọ́ kúrò lẹ́nu ìyá rẹ̀, òtítọ́ sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Ìyá sọ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ọrùn àwọn. Bọ̀dá mi fọwọ́ kàn án. Mo rí i, sà.”

Alága yọ awò ojú rẹ̀.

“Nígbà tó o rí i, kí lo sọ?”

“N ò sọ nǹkan kan, sà. Ẹ̀rù bà mí.”

Ó ń retí kí wọ́n béèrè ohun tó bà á lẹ́rù. Wọn ò béèrè. Wọ́n forí korí, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, alága sì kéde pé dókítà ti ṣe ohun tí àwọn pa láṣẹ. Ẹlẹ́rìí wà nínú yàrá. Ẹlẹ́rìí ni kò ṣiṣẹ́ rẹ̀.

“Ẹ lọ wá ẹlòmíì, Dókítà. Ẹni tó lójú inú díẹ̀.”

“Ẹ ṣeun, sà,” ni bọ̀dá rẹ̀ wí. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ó fi í sílẹ̀.

Ìgbà tí àbúrò fẹsẹ̀ rìn délé, àwọn ọmọ rẹ̀ wà níta lórí ẹrù wọn, àbíkẹ́yìn ti sunkún títí ó fi sùn. Ilẹ̀kùn ti tì. Láti inú ilé, ó gbọ́ ohùn bọ̀dá rẹ̀ tó ń pa aláìsàn mìíràn lẹ́rìn-ín.

“Ẹ má dùbúlẹ̀ o!” Ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu ilẹ̀kùn. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dùbúlẹ̀!”

Nínú ilé, ẹnì kan yí ohùn rédíò sókè.