Ọwọ́ Àdúrà Àsúmáù

Nóirín fi òòlù gbá ṣísẹ́lì, èérún pílásítà funfun fọ́n sí i lójú.

“Aunty, ẹ rọra o! Ọwọ́ mi lẹ ń lù yẹn!”

Àsúmáù, aládùúgbò rẹ̀ tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Peckham nílùú Ọba, ló pariwo. Kò purọ́. Nígbà tí Nóirín, ìyá àgbà ọmọ ilẹ̀ Ireland tó ń mọ ère, kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ mọ ère rẹ̀, èsì tó fún un ni pé: “Ojú mi kọ́ o. Mùsùlùmí ni mí. Ọwọ́ nìkan.” Ni Nóirín bá fi amọ̀ mọ ọwọ́ méjì tó tẹ́ síwájú Ọlọ́run lẹ́yìn ìrun.

Ó da pílásítà bo amọ̀ náà. Nígbà tó gbẹ, ó ha amọ̀ dànù, ó da pílásítà mìíràn sí àyè rẹ̀. Èèpo ìta ló wá ń fọ́ kúrò yìí. Ó ti po aró búlúù díẹ̀ mọ́ ìpele èèpo tó sún mọ́ ère jù, kó lè máa kìlọ̀ fún un: bí ṣísẹ́lì bá ti kan búlúù, ère ti dé. Bí ìka kan bá kán, kò sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá kan ń bọ̀ wá gbé e lọ́la.

Láti ìgbà tó ti kúrò ní Galway ní Ireland ní ọmọge, òkúta tó gbẹ́ kò lóǹkà; orúkọ ọ̀gá tó ń bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń kọ sí gbogbo wọn. Nígbà tó dá dúró, wọ́n ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ilé àfihàn wá pè é wàyí tí oríkèé ọwọ́ rẹ̀ ti wú, tí ọwọ́ ń gbọ̀n.

Búlúù yọ lára ìka tó kéré jù. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n rìrì.

“Ẹ jẹ́ n bá yín dì í mú.”

“Má fọwọ́ kàn án. Gbàdúrà tìẹ.”

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nóirín ju òòlù sílẹ̀. Ó dúró kí gbígbọ̀n náà kọjá, ó fi àtàǹpàkò ti èèpo díẹ̀. Ó tún dúró, ó tún tì í. Búlúù ré bọ́. Ìka yọ, gbọọrọ, láìlábùkù.

“Allahu Akbar! Ẹ wo àpá ibi tí epo gbígbóná ta sí mi! Nóirín, ọmọ olókùúta! Ẹni tó bá òkúta sọ̀rọ̀ tí òkúta dáhùn! Wọ́n ní ọwọ́ yín ti gbó. Ọwọ́ tó gbó ló bí ọwọ́ tuntun!”

Nóirín rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá mú ọ̀bẹ, ó fín orúkọ ara rẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ ère náà. Lẹ́tà ń wọ́ bí ìrìn akàn.

“Ó mà wọ́ o, Aunty. Ṣé ká ha á, kẹ́ ẹ tún un kọ?”

Nóirín fẹ́ eruku kúrò lára lẹ́tà tó wọ́ jù.

“Fi sílẹ̀,” ó ní. “Ta ló tún lè kọ ọ́ báyìí?”