Iná Èédú Nínú Yàrá Ìkókó

Ẹni tó bá ń sọ pé Houston kì í tutù, kò sí níbẹ̀ ní ìparí ọdún 1983 ni. Omi dì nínú páìpù. Koríko iwájú ilé gan bí ẹja gbígbẹ. Ìyá Cornelius, tí wọ́n mú wá láti abúlé kí ó lè bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun, wọ ṣòkòtò ọmọ rẹ̀ sábẹ́ ìró, ó tún ró ìró mìíràn lé e, síbẹ̀ eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

Cornelius ti sọ fún un pé ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ló bàjẹ́, àti pé nítorí kí àwọn onílé lè tún un ṣe ni wọ́n ṣe pa iná pátá. Màmá gbà á gbọ́. Ọmọ tó ń wọ táì jáde láràárọ̀ lọ síbi iṣẹ́ epo ní Greenspoint, kí ni yóò purọ́ fún?

Ní ọ̀sán Sátidé, Cornelius ti jáde, ìkókó náà bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bí omi kànga. Ọmọ́yẹni, ìyá rẹ̀, gbá a mọ́ra lábẹ́ gbogbo aṣọ tí wọ́n ní, kò sì yí padà. Màmá wò ó títí, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó rántí agbada irin tí Cornelius fi ń sun ẹran ní ẹ̀yìn ilé, àti àpò èédú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní abúlé tiwọn, obìnrin kì í bímọ kí iná má wà ní yàrá rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ iná ni Màmá ti tọ́ Cornelius fúnra rẹ̀.

Ó dá iná náà níta títí èédú fi pọ́n dáadáa, ó gbé e wọlé, ó gbé e sí ìdí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti fèrèsé pa, ó sì fi àkísà dí gbogbo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Kò pẹ́, yàrá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọ kò sín mọ́. Inú Màmá dùn, ó ń ki ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní oríkì jẹ́jẹ́.

Ọmọ́yẹni sọ pé orí ń fọ́ òun. Màmá ní ebi ni, kí ó sùn díẹ̀. Orí tirẹ̀ náà ń fọ́, ṣùgbọ́n ó kà á sí àárẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé yàrá abúlé ní àlàfo láàárín ògiri àti òrùlé, èyí tí atẹ́gùn olóró inú iná èédú ń gbà jáde. Yàrá ti Houston yìí dé pa bí agolo sàdíìnì.

Hajarat, tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé kan náà, ló wá kí ọmọ. Kò ránṣẹ́ ṣáájú. Ta ni í ránṣẹ́ kó tó wá kí ọmọ tuntun? Ó kan ilẹ̀kùn títí, Màmá ń gbọ́ ọ bí ẹni pé láti òkè odò, kò sì lè dáhùn. Màmá kì í ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án, bí wọ́n ti ń ṣe nílé, nítorí náà Hajarat tì í, ó sì ṣí.

Ó já ọmọ gbà, ó sáré jáde. Ó padà wá wọ́ Ọmọ́yẹni lábíyá. Inú bí Màmá. Ó di ògiri mú tẹ̀ lé wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jọ tirẹ̀ mọ́, ó fẹ́ bi obìnrin yìí bóyá òtútù ló fẹ́ fi pa ọmọ òun. Nígbà náà ló rí orí ìkókó tó rọ̀ jọwọrọ lápá Hajarat.

“Màmá,” Hajarat wí, “iná yẹn ló ń pa wọ́n.”

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú òtútù. Áńbúláǹsì tí Hajarat ké sí dé, wọ́n fi nǹkan bo imú ọmọ. Ọmọ kò ké. Wọ́n ń ṣe é lọ, kò ké. Ìgbà tí ó wá ké nínú ọkọ̀, igbe tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti ológbò, Màmá kò lè sọ pé a dúpẹ́.

Ní ọsibítù, dókítà ní ìyá àti ọmọ yóò yè. Cornelius ti dé, òun àti Làtífù, ọkọ Hajarat. Làtífù ni olórí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí tó parapọ̀ láti máa ran àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́wọ́: wọ́n ń bá wọn sanwó iná, wọ́n ń pín búláńkẹ́ẹ̀tì. Hajarat sọ fún un pé òun tẹ iná yàrá náà, kò tàn.

“Àwọn onílé ló ń tún un ṣe,” Cornelius bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ìyá rẹ̀.

“Má purọ́ ní ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọ rẹ,” Làtífù wí.

Cornelius wolẹ̀. Ó ní wọ́n ti gé iná láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pé wọ́n ti dá òun dúró níbi iṣẹ́ látìgbà tí ooru ṣì ń mú.

“Ṣebí èmi àtìwọ la jọ gbé búláńkẹ́ẹ̀tì lọ sí ìlú Humble láàárọ̀ yìí? Orí tìrẹ lo fi rù wọ́n. O ò lè mú ọ̀kan fún ọmọ tìrẹ?”

“Kí ni wọn ó wá máa pè mí, Bọ̀dá? Èmi tí mo ń pín in.”

“Wọn ó máa pè ọ́ ní bàbá ọmọ. Ṣé ìyẹn burú?”

Etí Màmá ń hó. Táì tó ń so láràárọ̀, ibo ló ń so ó lọ? Ó fẹ́ gbá a létí, ó fẹ́ dì mọ́ ọn. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, èédú ṣì wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ọsibítù dá ìyá àti ọmọ sílẹ̀, ilé Hajarat ni wọ́n kó wọn lọ, nítorí iná tiwọn, tí ẹgbẹ́ Làtífù ti bá wọn san, kò ní padà dé títí di ọjọ́ kejì. Hajarat gbé omi gbóná wá kí wọ́n wẹ ọmọ. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ ìró.

“Ìwọ wẹ̀ ẹ́, ọmọ mi,” ó wí fún Hajarat. “Ọwọ́ tèmi kọ́.”

Ọmọ́yẹni ló gbé orí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Màmá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wẹ̀ ẹ́. Ẹ kàn jẹ́ kí fèrèsé yẹn ṣí díẹ̀.”

Màmá dìde, ó ṣí i. Òtútù wọlé. Ó padà jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì tẹ́ ọmọ lé e. Ó bu omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́.