Aṣọ Tí Màmá Ìbíyẹmí Fi Bo Ẹ̀rọ

Ní ọdún 1988, nígbà tí àwọn ará Parakou ní ilẹ̀ Benin ṣì ń pe ọ̀gá ibi iṣẹ́ wọn ní kámáráàdì bí ìjọba ti pàṣẹ, tí orin Ìyípadà sì ń jí wọn nínú rédíò kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀, ilé kan wà ní àdúgbò Banikanni tí ó ní kọ̀ǹpútà. Ilé Fọláránmi olùkọ́ ìṣirò ni. Òyìnbó Faransé kan tí wọ́n jọ ń kọ́ni ló fi ẹ̀rọ náà ta á lọ́rẹ nígbà tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀.

Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọ òde òní mọ̀. Àpótí pẹlẹbẹ ni, bọ́tìnnì ìtẹ̀wé wà lórí rẹ̀, wọ́n á sì fi okùn so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n níhìn-ín, mọ́ ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì lọ́hùn-ún. Wọ́n ti ki àpótí kékeré mìíràn, tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ, bọ ẹ̀yìn rẹ̀. Àpótí ìrántí ni wọ́n ń pe ìyẹn. Inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí ènìyàn bá tẹ̀ ń wà títí wọn yóò fi gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ̀rọ bá dákú kí wọ́n tó gbà á, ohun gbogbo parẹ́ nìyẹn.

Modúpẹ́, ìyàwó Fọláránmi, ló mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù, nítorí pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ń ṣe ní ilé iṣẹ́ ìjọba. Ohun tí ó sì fẹ́ tẹ̀ sínú rẹ̀ ni orin Màmá.

Màmá Ìbíyẹmí ni ìyá ọkọ rẹ̀. Bàbá tó bí Màmá ló kọ́kọ́ gbé ìhìnrere wọ abúlé wọn lẹ́bàá Ìdàáṣà, ó sì ṣe orin mẹ́rìnlélógún sí èdè ilé wọn kí ó tó lọ sinmi. Ó kọ wọ́n sínú ìwé kan, ṣùgbọ́n ikán jẹ ìwé náà tán nínú àpótí. Àwọn tó mọ orin wọ̀nyẹn lórí ti ń sùn nínú Olúwa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ku Màmá nìkan. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò mọ ìwé kà, kò sì fẹ́ gbọ́ pé kí ẹnikẹ́ni tún kọ orin bàbá òun sínú ìwé.

"Ikán kì í jẹ kásẹ́ẹ̀tì, àbí?" ni ó bi Modúpẹ́.

"Kì í jẹ ẹ́, Màmá."

"Ó dára. Jókòó, kí n kọrin."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé kan, lẹ́yìn àdúrà. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku pupa bo gbogbo ojú fèrèsé. Màmá jókòó sórí àga onírọ̀rí, ó di ojú rẹ̀, ó ń kọ ọ́ ní ẹsẹ ẹsẹ:

*Jésù, sọ̀ kalẹ̀ bí àkọ́rọ̀ òjò*
*sórí àpáta ilé wa.*

Modúpẹ́ ń tẹ̀ ẹ́. Orin kìíní parí, ìkejì parí. Wọ́n dé àárín ìkẹta ni ojú tẹlifíṣọ̀n bá kún fún àmì játijàti, bí ẹni da ẹ̀wà sílẹ̀. Bọ́tìnnì kankan kò dá a lóhùn mọ́. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Orin méjèèjì ti lọ.

Bákan náà ló rí ní Sátidé kejì. Ní Sátidé kẹta, Màmá la ojú rẹ̀, ó wo àmì játijàti náà pẹ́.

"Ìyàwó mi," ó ní, "bóyá Ọlọ́run kò fẹ́ kí orin bàbá mi wọ inú nǹkan yìí. Ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹta. N kò ní kọrin mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Modúpẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ọmọ Kétu ni. Fún ọdún mẹ́fà tó ti wà nílé ọkọ, "ọmọ Kétu yẹn" ni Màmá ń pè é. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ wọlé ni nǹkan yí padà. Màmá fi òwú funfun hun aṣọ kan fún ẹ̀rọ náà, bí wọ́n ti ń hun èyí tí wọ́n fi ń bo rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo ilé ọmọlúàbí. Ó hun òdòdó sí etí rẹ̀, ó rán aṣọ nínípọn mọ́ inú rẹ̀ kí eruku ọyẹ́ má baà ráyè, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ẹ bo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó wá ku ibi bọ́tìnnì nìkan níta. "Gbà, ìyàwó mi," ni ó wí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Fọláránmi ní iná ìjọba ló ń ṣe é, torí pé ó máa ń lọ sókè sódò. Ó yá ẹ̀rọ tí ń mú iná dúró déédéé lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ẹ̀rọ tún dákú. Modúpẹ́ yọ àpótí ìrántí kúrò, ẹ̀rọ kò dákú, ṣùgbọ́n ètò ìkọ̀wé kò lè wọlé láìsí i. Ó wá dá a lójú pé inú àpótí kékeré yẹn ni ọ̀ràn wà. Ó ká aṣọ Màmá sórí tábìlì, nítorí pé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé la inú eruku kọjá, ó di ẹ̀rọ sínú agbọ̀n, ó gbé e lọ sí àdúgbò Ladjifarani, sọ́dọ̀ Kàsìmáwò, bàbá Sìdíkátù, tí ń tún rédíò ṣe.

Kàsìmáwò fa àpótí ìrántí yọ, ó fi rọ́bà ìpàwérẹ́ nu eyín bàbà rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó tún un kì bọ̀ ọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni Modúpẹ́ tẹ ètò kúkúrú kan tí ọkọ rẹ̀ kọ fún un. Ètò náà ń fi nọ́ńbà sí gbogbo yàrá inú àpótí ìrántí, ó ń padà wò ó bóyá nọ́ńbà náà ṣì wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n kírun Ọ̀sán títí di Àsárì, kò sí yàrá kan tó gbàgbé tirẹ̀.

Ó gbé e délé. Ó tẹ́ aṣọ lé e. Kò pé ìdajì wákàtí, àwọn nọ́ńbà ti ń sọnù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bọ̀.

"Ìyàwó olùkọ́," ni Kàsìmáwò wí, "ẹ̀rọ yín dà bí ọmọ tí ara rẹ̀ ń yá ní ọsibítù, tí ara rẹ̀ kì í yá nílé. Ṣé ẹ kì í fún un lóúnjẹ ni?"

"Bàbá Sìdíkátù, ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Màmá ló ní òun kò kọrin mọ́."

Kàsìmáwò gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ilé yín ni kí n wá wò, kì í ṣe ẹ̀rọ."

Ó dé ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó kí Màmá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nítorí pé àlejò wọlé, Màmá tún aṣọ náà fà síwájú kí òdòdó rẹ̀ lè hàn dáadáa. Kàsìmáwò ní kí Modúpẹ́ tan ẹ̀rọ, kí nọ́ńbà máa lọ. Ó mu omi, ó béèrè ọmọ wọn Ọmọ́ládé, ó béèrè ará Ìdàáṣà. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó fà á jáde kíákíá. Ó wo Modúpẹ́. Modúpẹ́ náà wò ó, ó sì yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ọjọ́ tó fi gbé ẹ̀rọ lọ sí Ladjifarani, aṣọ kò bá a lọ rí.

Modúpẹ́ mi orí sí Kàsìmáwò díẹ̀, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀: ẹ má sọ ọ́.

"Ẹ̀ẹ́... ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọyẹ́ ni," ni Kàsìmáwò wí.

"Ọyẹ́ wo?" Màmá ti dìde. "Mo rí ojú tí ẹ̀yin méjèèjì ń ṣe. Ojú mi kò tíì fọ́." Ó ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ abẹ́ aṣọ. "Yéè! Ó gbóná bí ọmọ tí ibà mú. Ta ló wá fi aṣọ òtútù bo ọmọ tí ibà mú?"

Lórí tẹlifíṣọ̀n, nọ́ńbà kan sọnù, òmíràn tẹ̀ lé e.

"Èmi ni," ni Màmá wí jẹ́jẹ́. Ó jókòó. "Ìyàwó mi, o mọ̀?"

"Ìsinsìnyí ni mo mọ̀, Màmá. Ẹ má bínú."

"Ṣé o fẹ́ jẹ́ kí orin bàbá mi ṣègbé nítorí òwú ni?"

Omi ti dé ojú Modúpẹ́. Àfi bí Màmá ṣe bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń mi èjìká. "Mo sì ti ń di ẹ̀bi ru Ọlọ́run! Olúwa, dárí jì mí. Ẹ wò ó, mo rán aṣọ nínípọn mọ́ ọn nínú!" Kàsìmáwò náà kò lè mú ẹ̀rín mọ́ra.

Wọ́n pa ẹ̀rọ kí ó tutù. Ní ọjọ́ kejì Màmá di ojú rẹ̀, ó kọrin. Ẹ̀rọ wà níhòòhò lórí tábìlì, abẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ Modúpẹ́ láàárín ẹsẹ sí ẹsẹ. Wọ́n kọjá orin kẹta. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹfà, wọ́n gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì dákẹ́ láti gbọ́ bí kásẹ́ẹ̀tì ti ń hu. Kí ọyẹ́ tó lọ, mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún ti pé.

Ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, Màmá sì ti lọ bá àwọn tó kọ́ ọ lórin. Ṣùgbọ́n aṣọ náà ṣì wà lórí tábìlì nílé Modúpẹ́. Ní àárín rẹ̀ ni fèrèsé kékeré kan wà, onígun mẹ́rin, tí Màmá tú òwú àti aṣọ nínípọn rẹ̀ kúrò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn kí àpótí ìrántí lè máa rí afẹ́fẹ́, tí ó sì fi òdòdó yí etí rẹ̀ ká. Bí àlejò bá béèrè ohun tí ihò ń ṣe láàárín irú aṣọ tó rẹwà bẹ́ẹ̀, Modúpẹ́ kì í dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Orin ni ó máa ń kọ́kọ́ dá.