Ta Ní Ń Tẹ Bíréèkì Lórí Òkè?

Òkè kan ṣoṣo tó ṣeé fi yangàn ni Hamburg ní, ká má purọ́, òun náà kò tó nǹkan. Waseberg ni wọ́n ń pè é, ní Blankenese, kò jìnnà sí Osdorfer Born níbi tí Oyèbánjí ń gbé. Ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó kérora tán, ó ti dé orí rẹ̀. Ibẹ̀ ni Oyèbánjí àti àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún tó ń kó kiri ti máa ń gun kẹ̀kẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, nítorí wọ́n ń múra àtilọ sí Ìlú Ọba, sí àwọn òkè Peak District lẹ́bàá Sheffield, níbi tí òkè kan kì í tíì parí tí òmíràn á ti bẹ̀rẹ̀.

Oyèbánjí ló yan ọ̀nà tí wọn yóò gbà. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni, ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi láti sọ pé orí òkè ni wọ́n bí òun sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó fa ìlà pupa láti Sheffield dé Hathersage, ó fà á gba Castleton, ó wá fà á wọ àárín àpáta méjì ní Winnats Pass, ọ̀nà tó ga débi pé mọ́tò gan-an ń mí hẹlẹ tó bá ń gùn ún. Ọlọ́runyọmí, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé Sheffield, pè é lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ ibí yìí pàápàá ń sọ̀ kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ wọn ní Winnats o." Oyèbánjí fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní kó fọkàn balẹ̀, pé nínú gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tí àwọn jọ ń gun kẹ̀kẹ́, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó tíì ya òun sílẹ̀ rí.

Òótọ́ ló sọ. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n ti ń gùn ún pọ̀, kò sì sí ẹni tó kọjá a rí. Fọlájìmí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, akẹ́kọ̀ọ́ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ki bí ọmọrí odó, síbẹ̀ ẹ̀yìn Oyèbánjí ló máa ń wà. Fèyísọ́lá, tí òun àti Oyèbánjí jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Billbrook, ẹ̀yìn lòun náà máa ń wà. Tí Oyèbánjí bá dé òkè, á yíjú padà, á ní, "Ẹ ò gbìyànjú tó," wọ́n á sì dáhùn pé, "Ẹ má bínú, sà." Inú rẹ̀ á dùn títí di Sọ́ńdè tó ń bọ̀.

Ìgbà tó di oṣù karùn-ún, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í há a. Ó lọ rí dókítà, wọ́n gbé e gun kẹ̀kẹ́ kan tí kì í kúrò lójú kan, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, wọ́n ní kó máa wà á. Dókítà wo ìwé tó jáde lára ẹ̀rọ náà, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkàn rẹ̀ kò gba ẹ̀jẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Kó máa lo oògùn, kó máa gun kẹ̀kẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ṣùgbọ́n tó bá fi agídí gun òkè gíga lọ́dún yìí, ó lè ṣubú kó má dìde mọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí àgbàlagbà ṣe. Ó ká lẹ́tà dókítà, ó tì í bọ inú àpò tó ń kó bàtà sí, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sọ fún Níkẹ́ ìyàwó rẹ̀ pàápàá. Àwọn ọ̀dọ́ ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, òun ló sì fi Winnats kọ́ wọn lọ́rùn. Ojú wo ni yóò fi wò wọ́n? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí yóò sá gbà. Á bi wọ́n léèrè pé, "Ṣé Winnats yìí ò ti pọ̀ jù fún yín báyìí?" Ó ń gbàdúrà kí ẹnì kan ní bẹ́ẹ̀ ni, kó lè ṣe bí ẹni tó ṣàánú wọn. Wọ́n á ní, "Kò pọ̀ jù, sà. Ibi tí ẹ bá ní ká lọ la máa lọ." Oyèbánjí á lọ sílé, kò ní lè jẹun.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n lọ, wọ́n kó kẹ̀kẹ́ sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí Berlin láàárọ̀ Sátidé kan, kí wọ́n lè gun òkè Teufelsberg tó wà níbẹ̀. Amelie ló pàdé wọn níbẹ̀. Ọmọ Nùrúdíìnì, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Oyèbánjí láti ìgbà èwe, ni. Berlin ni wọ́n bí i sí, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó sì ti bá wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì Sheffield. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí òun àti wọn yóò jọ gun kẹ̀kẹ́.

Wọn ò tíì dé ìdajì òkè tí àyà Oyèbánjí fi há. Ó rọra ń wà á, ó ń rọra sí i. Amelie gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ní, "Hallo, Uncle," ó bá tirẹ̀ lọ. Oyèbánjí sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí koríko etí ọ̀nà, ó ṣe bí ẹni pé omi ló fẹ́ mu. Àwọn márààrún tó kù dúró sẹ́yìn rẹ̀ lórí ìdagẹ̀rẹ́, wọ́n fi ẹsẹ̀ kan tilẹ̀, kò sí ẹni tó kọjá.

Amelie yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn.

"Uncle, mo fẹ́ bèèrè nǹkan," ó ní. "Mo ń wò yín láti òkè. Kí ló dé tí gbogbo wọn ń tẹ bíréèkì? Warum? Ta ní ń tẹ bíréèkì lórí òkè?"

Fọlájìmí tẹjú mọ́ táyà rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Oyèbánjí pè é. "Fọlájìmí, ṣé òótọ́ ni?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ní Waseberg, sà. A ò lè máa kọ ẹ̀yìn sí yín."

Ìtìjú mú Oyèbánjí débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ọdún méjì tó fi ń fọ́nnu, bíréèkì àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló ń jẹ́ agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ti jókòó síbẹ̀, ó rí i pé nǹkan kan ti tú lára òun. Kò sí ipò kankan tó tún ń dù mọ́. Ó la ẹnu, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, wáyà, oògùn, ohun tí dókítà sọ nípa òkè gíga, kò fi nǹkan kan pa mọ́.

Fèyísọ́lá jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ẹ ṣeun, sà," ló ń wí. "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́."

"Ṣé ẹ ti mọ̀ ni?"

"A ò mọ ti dókítà. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí yín ní ibi iṣẹ́ tí ẹ máa ń di àyà mú, láìgbé ẹrù kankan."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Ta ló máa kò yín lójú, sà?" Fọlájìmí ló dáhùn. Ó ń fọwọ́ ra orí. "A lọ ṣe Erste-Hilfe-Kurs, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń dóòlà ẹ̀mí ẹni tó bá ṣubú. Àwa márààrún la lọ. Ọmọlangidi ni wọ́n gbé fún wa, à ń tẹ àyà rẹ̀. Fèyísọ́lá ló mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù, nítorí náà òun la ní kó máa wà lẹ́yìn yín gan-an ní Winnats."

Oyèbánjí wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ ò lè sọ fún mi pé kí n má gùn ún," ó ní, "ẹ wá lọ kọ́ bí ẹ ó ṣe jí mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ẹ̀rín pa á, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, àwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Láti oṣù karùn-ún, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tó mí kanlẹ̀.

Orí koríko yẹn náà ni wọ́n ti tún ọ̀nà yàn. Ọlọ́runyọmí yóò fi mọ́tò gbé Oyèbánjí dé Bakewell, ibẹ̀ ni yóò ti gba ọ̀nà ojú irin àtijọ́ tí wọ́n ti hú irin rẹ̀, tó tẹ́jú, tó gba inú ihò àpáta kọjá láàárín àfonífojì. Ẹni tí Winnats bá wù, kó lọ gùn ún kó wá bá a níbẹ̀. Fèyísọ́lá nu ojú, ó ní òun á bá Oyèbánjí gba Bakewell, pé ẹ̀rù Winnats ti ń ba òun tipẹ́.

"Ó yá," Oyèbánjí wí, "ẹ máa gòkè lọ. Ẹ kọjá mi."

Kò sí ẹni tó mira.

"Mo ní kí ẹ kọjá. Ṣé ẹ fẹ́ kí n bẹ̀ yín ni?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni kọ̀ọ̀kan ń tẹríba lórí kẹ̀kẹ́, "Ẹ kú ìsinmi, sà." Fọlájìmí ló kẹ́yìn. Ó dìde kúrò lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́, ó gbé ara lé e, kí Oyèbánjí tó gbé ẹnu kúrò lára ìgò omi, ọmọ náà ti kọjá gbogbo àwọn yòókù, ó ti yà ní igun ọ̀nà. Oyèbánjí ò mọ̀ pé bó ṣe yára tó nìyẹn.

Ó yọ fóònù, ó pe Níkẹ́. Ó ní, "Níkẹ́, jókòó ná, ara mi dá. Lẹ́tà dókítà kan wà nínú àpò bàtà mi nílé, lọ mú un, ká jọ kà á lórí fóònù."