Gígà Mẹ́rin fún Àlejò

Bí àwọn àlejò tó ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò bá ń bọ̀ nílùú Ìlaròó, kò sí ohun tí Ọ̀gá Adébánjọ, olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, kò lè yá. Ó yá àga láti Ajílété, ó yá ìwé láti Ayétòrò, ó sì yá dókítà onímọ̀ kan láti Ìmẹ̀kọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó jókòó sí ọ́fíìsì fún ọjọ́ méjì kó máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀gá kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ó ní gbogbo ayé ló ń ṣe é.

Ohun kan ṣoṣo tí kò yá ni pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tí Toheebat fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó pọ̀ ní yàrá ìdánwò. Ọdún kẹfà rèé tí Toheebat ti ń ṣe kọ́ńtíráàtì níbẹ̀. Lẹ́tà tó máa sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi ń dúró de ìfọwọ́sí Ọ̀gá, Ọ̀gá sì máa ń gbàgbé.

Ẹni tó bá ṣe irú pátákó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ fáìlì kan fún kánẹ́lì, ìyẹn olórí ètò tó ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Kánẹ́lì kò lójú tó fi ń wo pátákó. Ohun tí fáìlì bá ti wí, abẹ gé e. Apá tó le jù nínú rẹ̀ ni ti kóńtírólà mẹ́mọ́rì: ibi tí mẹ́mọ́rì ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe tóbi tó, àti bí yóò ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó tún rán an létí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Toheebat fi wọn gbogbo rẹ̀. Ní ti títóbi, ó kọ ìdajì gígábáìtì, torí ìdajì gígà ló wà níbẹ̀.

Ọ̀gá na ọrùn wò ó. "Ìdajì? Àlejò ń ti Àbújá bọ̀, ìdajì lo fẹ́ gbé síwájú wọn? Kọ mẹ́rin."

"Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe àlejò ló máa kà á. Kánẹ́lì ni."

"Kí ló kan kánẹ́lì níbi tí àgbà bá ti ń sọ̀rọ̀?" Ọ̀gá rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí àwọn àlejò bá ti lọ, a máa jókòó sọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà rẹ yẹn."

Inú bí Toheebat, ẹ̀rù sì bà á. Ìyá rẹ̀ ní Ìfọ́nyìntẹ́dó ti sọ fún gbogbo obìnrin mọ́sálásí pé ọmọ òun ti di òṣìṣẹ́ gidi. Ó tẹ mẹ́rin.

Lọ́jọ́ àbẹ̀wò, Ọ̀gá dúró ti pátákó náà bí ọkọ ìyàwó. "Gígà mẹ́rin, mà," ló wí fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Jayéọlá, obìnrin tó ṣáájú àwọn àlejò. "Ọwọ́ wa la fi ṣe é."

Toheebat tan án. Kánẹ́lì jí, ó ka fáìlì, ó gbà á gbọ́, ó gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá tí kò sí. Ìlà márùn-ún ló hàn lójú ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́. Wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn, ìlà márùn-ún náà ni.

"Iná ni, mà," ni Ọ̀gá wí, jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè ẹni tó kọ iye mẹ́mọ́rì yẹn. Ọ̀gá yíjú padà bí ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dà. "Toheebat, kí lo kọ síbẹ̀?"

Bó bá gbà pé àṣìṣe òun ni, bóyá lẹ́tà á jáde. Bó bá sọ òtítọ́, ó mọ̀ pé inú dúrọ́ọ̀ tábìlì Ọ̀gá ni lẹ́tà máa jẹrà sí. Ṣùgbọ́n ojú ti tì í jù.

"Irọ́ ni mo kọ, mà. Ọ̀gá ló pè é, èmi ni mo sì tẹ̀ ẹ́."

Dókítà tí wọ́n yá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó tún un kọ. Toheebat dá ìdajì rẹ̀ padà, ẹ̀rọ náà sì ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ń béèrè orúkọ ẹni tó fẹ́ wọlé. Rẹ́gí ni ohun ẹni í bá ni mu.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá ṣí ìwé tí Ọ̀gá fi ránṣẹ́ sí wọn. "Òṣìṣẹ́ mọ́kànlá lẹ kọ síbí. Ọmọ yìí ni ìkọkànlá, ẹ ní ó ti di òṣìṣẹ́ gidi láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ mẹ́wàá ni yín, ẹ ò yege. Ẹ jẹ́ n rí lẹ́tà rẹ̀."

Ọ̀gá wo Toheebat. Láti ọdún mẹ́fà, kò wò ó bẹ́ẹ̀ rí, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Toheebat tẹjú mọ́ ẹ̀rọ. Nígbà tó máa gbójú sókè, Ọ̀gá, ẹni tí kì í yára rìn, ti sáré jáde.

Kò pẹ́ tó fi gbé lẹ́tà dé, pẹ̀lú ìfọwọ́sí, pẹ̀lú òǹtẹ̀, pẹ̀lú déètì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi àtàǹpàkò kan òǹtẹ̀ náà, ó wo yíǹkì tútù tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fi áńkáṣíìfù nù ún.

"Ó ti pẹ́ lóòótọ́," ló wí, ó sì bi Toheebat bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Toheebat ka déètì náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ká lẹ́tà, ó fi í sínú báàgì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."